Ìwé Ẹnu Ilé Ìtọ̀

Ìwé náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, irú èyí tí tíṣà fi ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi okùn mìíràn so bírò mọ́ ọn, bí ẹni so ewúrẹ́ tó ti mọ ọ̀nà oko olóko. Wọ́n ti fi rúlà fa ojú ewé àkọ́kọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin: orúkọ, ìgbà tí o wọlé, ìgbà tí o jáde, ìdí.

Ìyá Bọ́tìnnì ka ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un kà. Ìdí ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́.

"Ìdí wo?" ó bi àwọn obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé ìdí tí mo ń gbé lọ síbẹ̀ ni, àbí ìdí tí mo fi ń lọ?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni gbogbo rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti lò nídìí ẹ̀rọ tó ń lu ojú bọ́tìnnì ní iléeṣẹ́ aránṣọ náà. Aṣọ nọ́ọ̀sì ni o, aṣọ ọmọ ilé ìwé ni o, aṣọ àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì ni o, kò sí èyí tó jáde níbẹ̀ tí kò kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí wọ́n ń rí nínú fáìlì nìkan. Ìyá Bọ́tìnnì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Máníjà tuntun sọ̀kalẹ̀ látòkè láti wá bá wọn sọ̀rọ̀. Kò tíì lò tó oṣù mẹ́ta. Aláago ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ tí kò ní kọ́kọ́ gbé ọwọ́ òsì sókè wo aago, bí ẹni pé aago yẹn ló ń yọ̀ǹda ẹnu fún un.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi ọ̀wọ́n," ó ní, ó wo aago. "Mo ti jókòó ṣírò ó. Ìṣẹ́jú tí ẹ ń lò nínú ilé ìtọ̀ lọ́sẹ̀ kan, tí a bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó kí a fi rán igba aṣọ nọ́ọ̀sì. Igba! N ò ní kí ẹ má lọ o. Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ẹ lọ, kí a mọ ìgbà tí ẹ dé, kí a sì mọ ohun tí ẹ lọ ṣe. Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́, kí ló fẹ́ bẹ̀rù?"

"Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́," Ìyá Bọ́tìnnì sọ sí etí ẹni tó jókòó tì í, "kí ló wá ń wọ ṣòkòtò sí?"

Ẹni yẹn fi aṣọ di ẹnu kí ẹ̀rín má baà já mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo ogójì èèyàn tó wà nínú yàrá náà, kò sẹ́ni tó gbó ọ̀gá lẹ́nu. Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá Alọṣọ ni, bàbá tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ní igun yàrá, lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn búburú. Àìsàn kan tó máa ń ṣe àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń ṣe é: bí ọ̀gá bá sín, òun ni yóò nu imú.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìtọ̀ ni gbogbo wọn ń kọ. Ìtọ̀, ìtọ̀, ìtọ̀, látòkè ojú ewé títí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́, Aláago tú ìwé kúrò lára ìṣó, ó dúró síwájú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni ń ka èsì ìdánwò.

"Ìwọ tí ò ń rán àpò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìtọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án." Ó gbójú sókè. "Irú ìtọ̀ wo ló ń gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń rán àpò wo ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì wò ó.

"Láti ọjọ́ Ajé," Aláago ní, "ẹ ó máa ṣàlàyé."

Wọ́n sì ń ṣàlàyé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Bọ́tìnnì ti ń bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí Aláago. Ẹni tó bá rí ẹ̀gbin lójú ọ̀nà, kì í bá ẹ̀gbin jà, ńṣe ló ń yà fún un. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wọn ń rí i lára. Bí wọ́n bá ń dúró de ẹni tó wà nínú ilé ìtọ̀, wọ́n á tu itọ́ sí ìka, wọ́n á máa ṣí ìwé. Àwọn tí kò tíì ka ojú ewé kan láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé ìwé di òǹkàwé lójijì. "Hẹ̀n-ẹ́n, ó tún ti lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí." "Wò ó, ó kọ inú rírun. Nǹkan oṣù ló ń bò mọ́lẹ̀ yẹn." Wọ́n mọ ẹni tí ìgbẹ́ ń dà láàmú, wọ́n mọ ẹni tí kò rí i yà láti ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹlòmíràn bá ti dìde lórí àga, ojú mẹ́wàá ni yóò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tí kò ní í tàbùkù Aláago bó bá délé.

Ní ti Ìyá Bọ́tìnnì, gbólóhùn kan náà ló ń kọ lójoojúmọ́ síbi tí wọ́n ti béèrè ìdí: Ọ̀rọ̀ ara mi ni. Aláago fi bírò pupa kọ KÒ PÉ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ ń fi pupa máàkì ìtọ̀ rẹ̀! Ó wá dín omi mímu kù. Títí aago mẹ́ta ọ̀sán, ife kan péré, orí á sì máa fọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń lu ojú bọ́tìnnì sí i lórí.

Obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè ní Oníkọ́là, nítorí pé òun ló ń rán kọ́là aṣọ. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ìwé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń gbà. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, wọ́n á tún un ṣe fún un, tàbí kí wọ́n má tún un ṣe. Ó ti wọ ọdún kẹrin nílé ọkọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Gbogbo iléeṣẹ́ mọ ti àkọ́kọ́, torí pé ìgbà yẹn ló pariwo ayọ̀ fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn tó bàjẹ́, ó ní láti tún máa sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò sí mọ́. Ó kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ìyá Bọ́tìnnì ti ń fura. Ó ti rí i pé Oníkọ́là kì í lè fara da òórùn òróró ẹ̀rọ mọ́, pé ó ń fi ọwọ́ kan gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú bó bá ń dìde. Ṣùgbọ́n ó gbé ohun tó rí mì. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ta ló wá ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa tu ìyẹ́ adìẹ? Ọ̀rọ̀ oyún, ẹni tó gbé e ló lẹ́nu láti sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì kẹta ni Aláago pe Oníkọ́là dìde.

"Ọjọ́rú nìkan," ó ní, ìka rẹ̀ lórí ìwé, "ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá! O kọ ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, o kọ èébì lẹ́ẹ̀mẹta. Èébì ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti fẹ́ rí ìyókù. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o lóyún ni?"

Oníkọ́là dúró, kọ́là kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Kò dáhùn. Ẹni tí kò lóyún ì bá ti sọ pé rárá. Ẹnì kan lẹ́yìn pariwo pé, "Olúwa ṣeun! A kú oríire o!" àwọn mìíràn sì gbè é. Wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Òun ń mi orí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n ní ayọ̀ ni.

"Ó dáa," Aláago ní, ó ń kọ nǹkan. "Ó yẹ kí iléeṣẹ́ mọ irú nǹkan báyìí."

Obìnrin tó ń di aṣọ sínú páálí ń gbé ní ìkejì ilé ìyá ọkọ Oníkọ́là. Kí Oníkọ́là tó dé ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ ti wà lórí àga nínú pálọ̀, ó gbé ọwọ́ lérán. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé àlejò ni òun nínú ilé yìí, tó fi jẹ́ pé ẹnu àwọn aránṣọ lòun ti ń gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ di bàbá?

Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Bọ́tìnnì gun àkàsọ̀ onírin lọ sí yàrá Aláago. Òkè ni yàrá náà wà, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe iwájú rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń rí gbogbo orí tó wà nísàlẹ̀, bó bá sì wù ú, yóò fa kọ́tìnnì, kò sẹ́ni tí yóò rí òun.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Iṣẹ́ ìjókòó ni mò ń ṣe láti àárọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n dúró."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀rọ̀ Oníkọ́là ni. Ohun tí ẹ ṣe fún un kò dáa."

"Kí ni mo ṣe? Mo kàn bi í ní ìbéèrè ni. Iléeṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀."

"Iléeṣẹ́ kì í lóyún, sà, iléeṣẹ́ kì í bímọ. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ mọ̀."

Aláago rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ń ṣe sùúrù fún arúgbó. "Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ ò mọ bí ayé ṣe ń lọ. Níbi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, a ò lè tún un ṣe."

Ìyá Bọ́tìnnì kò wò ó mọ́. Ilẹ̀kùn kékeré kan tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀ ló ń wò. Kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ funfun kan sì wà lórí ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ibo nibẹ̀ yẹn, sà?"

"Ilé ìtọ̀ mi ni."

"N ò rí ìwé lẹ́nu rẹ̀."

"Màmá, èmi ni máníjà."

"Ṣé máníjà kì í tọ̀ ni, àbí títọ̀ tiẹ̀ ni kò nídìí?"

Ẹ̀rín náà kúrò lójú Aláago wẹ́rẹ́. "Ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín. Bẹ́ ẹ tilẹ̀ ṣe wá yẹn, ẹ̀yin gan-an lẹ kì í kọ nǹkan tó nítumọ̀. Ọ̀rọ̀ ara mi, ọ̀rọ̀ ara mi! Ẹ máa ṣàlàyé ní kíkún."

"Ní kíkún?"

"Ní kíkún!"

"Ẹ ṣeun, sà."

Ó sọ̀kalẹ̀. Kò tíì dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ tó fi yà sí ilé ìtọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó di bírò mú, ó sì kọ̀wé fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

"Èmi olójú bọ́tìnnì," báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀, "dìde kúrò lórí àga mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀wà ni mo jẹ lálẹ́ àná. Gáàsì tán kó tó jinná, ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí ni inú mi ti ń kùn bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó fẹ́ gun òkè. Mo kọ́kọ́ rò pé afẹ́fẹ́ lásán ni, mo sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mò ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nínú yàrá wọn." Ó tẹ̀ síwájú. Ó kọ bó ṣe jókòó. Ó kọ ohun tó jáde, àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe ki tó, àti irú ohùn tó bá a dé. Ó fi kọ́mà síbi tó yẹ. Ní ìparí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fún àǹfààní tí wọ́n fún òun láti sọ tẹnu òun.

Obìnrin tó ń rán àpò ló kọ́kọ́ rí i. Ó kà á, ó dì mọ́ ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti tún padà wọlé. Nígbà tóun náà jáde, ó kọ ojú ewé kan àtààbọ̀ nípa nǹkan oṣù rẹ̀, láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ rí i ní kékeré. Ọkùnrin tó ń gé aṣọ kò mọ̀wé kọ dáadáa, ó ya àwòrán. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, èèyàn mẹ́fà tàbí méje ló ń tò sẹ́nu ilé ìtọ̀ nígbàkigbà, kì í ṣe nítorí àtiwọlé bí kò ṣe nítorí bírò. Aṣọ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan tí wọ́n fẹ́ gbà ní Ọjọ́bọ̀ ga bí òkè lórí tábìlì, àwọn mìíràn kò lápá, àwọn mìíràn kò ní kọ́là. Lójoojúmọ́ ní aago méjìlá ni wọ́n ń gbé ìwé náà lọ fún Aláago lókè. Wọ́n rí i látìsàlẹ̀ tó ń ṣí i, wọ́n rí i tó rọra ti àwo oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun náà ló sọ pé ní kíkún. Kọ́tìnnì ló wá fà.

Bàbá Alọṣọ nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òun náà lọ. Ó pẹ́ nínú ilé ìtọ̀, ó sì pẹ́ nídìí ìwé, ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí dókítà. Bó ṣe padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ báyìí, obìnrin tó ń rán àpò sáré lọ síbẹ̀, ó pe àwọn yòókù. "Ẹ wá gbọ́ ti Bàbá o!" Ó gbé ohùn sókè, ó ń kà á:

"Mo wọlé ní aago méjì. Mo dúró. Kò wá. Mo tún dúró. Ó wá ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ó ń ta mí bí ata." Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. "Mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó ti wọ ọdún kẹta báyìí. N ò tíì sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi torí pé ara òun náà kò yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo máa ń pẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Bọ́tìnnì dúró lẹ́yìn wọn. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó ti rò pé Aláago lòun ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rántí pé ẹnì kan lè wà láàárín wọn tí yóò rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìwé náà ti dé, ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ wá rí i lára.

Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kíkà. Ó na ọwọ́ kọjá lórí èjìká wọn, ó fa ojú ewé yẹn ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yíjú sí wọn.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀, àtèmi àtẹni náà, a ò ní jọ gbé iléeṣẹ́ yìí."

Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ó sì jọ pé wọ́n gbọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ìyá Bọ́tìnnì gbé ojú ewé náà lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó lu ojú bọ́tìnnì sí i, ó yí i, ó tún lù ú, títí kò fi sí gbólóhùn kan tó ṣeé kà mọ́. Nígbà tí ariwo ẹ̀rọ dínkù, ó lọ bá Bàbá ní igun yàrá.

"Bàbá, kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn lókè. Ṣùgbọ́n ẹ lọ rí dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló yẹ kó máa bá a jáde."

Bàbá Alọṣọ kò gbójú kúrò lórí aṣọ tó ń lọ̀. "Mo rò pé wọ́n ní ká ṣàlàyé ni," ó ní.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ni iléeṣẹ́ gan-an ló wá. Ilé ìwòsàn ti pè é pé aṣọ àwọn dà. Àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn ni, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n máa ń rí i. Aláago ti ń sáré tẹ̀ lé e láti ẹnu géètì, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń làágùn.

"Ọ̀tẹ̀ ni wọ́n dì sí mi, sà. Ìyá yìí ni olórí wọn. Ó tilẹ̀ ti ya ìwé iléeṣẹ́. Ojú ewé kan ti kúrò, mo kà wọ́n, mo sì mọ̀."

"Ó kà wọ́n," ni obìnrin tó ń rán àpò sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kò mà sí ohun tí ọmọkùnrin yìí kò ní kà."

"Ìyá, ojú ewé náà dà?" ẹni tó ni iléeṣẹ́ bi í.

Ìyá Bọ́tìnnì yọ ọ́ nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, ó dà bí ajere. "Òun nìyí, sà."

Ẹni tó ni iléeṣẹ́ gbé e sókè, ó ń wo fèrèsé látinú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé tó kù wá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á níbi tó dúró sí. Ó ka ti Ìyá Bọ́tìnnì. Ó ṣí i sẹ́yìn, ó ka ti obìnrin alápò dé ìlàjì. Ó rí àwòrán ọkùnrin agéṣọ, ó yí ìwé náà sọ́tùn-ún sósì kó lè mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó pa ìwé dé.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n máa kọ èyí?"

"Sà, nítorí ìlọsíwájú iléeṣẹ́—"

"O sì ń kà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lójoojúmọ́?"

Àgbàlagbà náà gbé ìwé jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni gbé òkú eku, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó àkísà sí. "Aṣọ ni wọ́n ń rán níbí," ó ní. "N ò mọ̀ pé a ti ń tẹ̀wé."

Àwọn kan fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá Bọ́tìnnì kò bá wọn dá sí i, nítorí pé ó gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà náà ní bí wọ́n bá ń fi àkókò ṣòfò, kí máníjà gbé kámẹ́rà sí ọ̀nà ilé ìtọ̀, ìyẹn kò ní í gba bírò. Aṣọ tí kò jáde ló ń dùn ún. Kò sí ohun tó kan Oníkọ́là tàbí Bàbá Alọṣọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ibi tí òun ti lè tọ̀. Wọ́n mú un gun òkè lọ, díẹ̀díẹ̀, sí ilé ìtọ̀ Aláago. Àgbà ti dé sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Aláago dúró lẹ́yìn gíláàsì ní ẹnu ilẹ̀kùn kékeré náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wò ó látìsàlẹ̀. Lójijì, ọwọ́ òsì rẹ̀ gòkè fúnra rẹ̀, ó wo aago. Ó rántí ẹni tó wà nínú ilé. Ó sáré gbé ọwọ́ náà pa mọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran. Ẹ̀rín tó bú nísàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ogójì ẹ̀rọ kò lè bò ó mọ́lẹ̀.

Wọ́n fún Ìyá Bọ́tìnnì ní lẹ́tà ìkìlọ̀ pé ó ba ohun ìní iléeṣẹ́ jẹ́. Ó buwọ́ lù ú, ó ká a, ó fi sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń mì. Kámẹ́rà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń rán àpò gbé àkísà kọ́ ọ lójú, wọ́n yọ ọ́, ẹlòmíràn tún gbé e kọ́. Wọ́n ṣì wà lórí ìyẹn. Bàbá Alọṣọ lọ rí dókítà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà wá, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ló bá a lọ.

Nígbà tí oṣù parí, wọn kò tún ìwé iṣẹ́ Oníkọ́là ṣe. Lẹ́tà náà kò ju ìlà méjì lọ, wọn kò sì kọ ìdí kankan sí i. Ìyá Bọ́tìnnì tún gun àkàsọ̀ lọ sókè nítorí rẹ̀, Aláago kò ṣílẹ̀kùn. Ó kó àwọn obìnrin jọ pé kí àwọn jọ gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́ fún wákàtí kan péré. Mẹ́sàn-án ló dáhùn. Àwọn yòókù ní àwọn ní ọmọ nílé. Àwọn yẹn náà ni wọ́n ka ìwé jù.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó lọ kí Oníkọ́là. Ọmọbìnrin náà ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan sí iwájú ilé, ó ń tún aṣọ àwọn ará àdúgbò ṣe. Oyún ti yọ báyìí, kò sí ẹni tí kò rí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde wá kí Ìyá Bọ́tìnnì, ó gbé omi fún un, ó padà wọlé láìbá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ṣé kò tíì yọ́nú sí ẹ ni?" Ìyá Bọ́tìnnì béèrè.

"Wọ́n ń gbìyànjú, mà." Oníkọ́là ń yọ òwú kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́. "Iṣẹ́ tó bọ́ yẹn kò dùn mí tó bí ẹ ṣe rò. Mo ti rò ó bí mo ṣe máa sọ ọ́. Tí ó bá di oṣù márùn-ún, tí ó bá ti dúró dáadáa, èmi àti ọkọ mi á wọ yàrá màmá rẹ̀ ní àárọ̀, mi ò ní sọ nǹkan kan, màá kàn gbé ọwọ́ wọn lé inú mi. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí èyí àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Mo ti rò ó dáadáa, Ìyá."

Ìyá Bọ́tìnnì mu omi rẹ̀ tán.

Nígbà tó yá, Oníkọ́là bi í pé, "Máníjà náà ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí ló ń ṣe?"

Ìyá Bọ́tìnnì rò ó wò, ó fẹ́ sọ òtítọ́. "Ó kàn ń mí ni," ó ní.